Wákàtí Mẹ́rìndínlógún Láti Erékùsù sí Erékùsù

Ní agbolé wa ní Ìkẹ́rẹ́, odó ni aago ìrọ̀lẹ́. Bí ọmọ odó kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹ̀yìnkùlé, òmíràn á dá a lóhùn láti ojúlé kejì, òórùn iṣu gbígbóná á gba àdúgbò kan, àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójú títì á sì máa sá wálé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Bàbá wa, tó fi ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ̀yìn tì, kò gbà pé ẹni tó jẹ ìrẹsì ti jẹun. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bàbá wa a máa pa òwe yìí bí ẹni ń ka Sáàmù, a sì máa fi kún un pé ìrẹsì kò tilẹ̀ tó ohun tí àwọn àgbà ń dárúkọ. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé odó agbolé wa dákẹ́ láti ọjọ́ Sátidé títí di ọjọ́ Túsìdeè nínú ọyẹ́ ọdún kan, tí òkú kò sì kú nílé, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì láàrin yín á ti mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀ràn ìyàwó ni, èmi náà sì wà nídìí rẹ̀ gbọingbọin.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, ló ń gbéyàwó. Òun àti ọmọbìnrin náà, tí í ṣe ọmọ Ìṣẹ̀, ti mọ ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Nígbà tí iṣẹ́ kò yọjú, olúkúlùkù gba ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí erékùsù Bábédọ́ọ̀sì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò. Ọmọbìnrin náà lọ sí erékùsù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, ó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun. Ayé Ọlọ́run fẹ̀ tó báyìí, ilẹ̀ gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀ lọ súà, inú omi ni àwọn méjèèjì lọ tẹ̀dó sí, ọ̀kan lápá ìlà oòrùn, èkejì lápá ìwọ̀ oòrùn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí Yèyé Àgbà, ìyàwó tó dàgbà jù ní agbolé wa, gbọ́ pé erékùsù ni ọkọ wà, erékùsù ni ìyàwó náà wà, inú rẹ̀ dùn.

“Ṣé afárá ni wọ́n ń gbà kọjá,” ó bi mí, “àbí ọkọ̀ ojú omi?”

Àwọn àgbà ilé méjèèjì fẹnu kò pé kí a ṣe ìdána ní Ìṣẹ̀, kí a gbé fọ́tò àwọn méjèèjì sórí àga, nítorí kò sí èyí tó lè gbàyè wálé nínú wọn. Lẹ́yìn náà, kí ìyàwó gbéra láti erékùsù tirẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní erékùsù tòun. Gbogbo èyí rọrùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àṣà agbolé wa.

Ní tiwa, ọjọ́ tí bàbá ìyàwó bá gbàdúrà lé e lórí ló gbọ́dọ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀, kò gbọdọ̀ tún sùn níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tó bá ti ṣísẹ̀ ni a ó ti dojú gbogbo odó agbolé wa dé. A kò ní gúnyán títí obìnrin kan nínú ẹbí ọkọ yóò fi bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iyán tí a bá kọ́kọ́ gún lẹ́yìn èyí, tirẹ̀ ni, òun ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bọ̀ ọ́. Láyé àtijọ́ kò ni ẹnikẹ́ni lára. Èmùré ni ìyá mi ti wá, ọkọ̀ lọ́rì gbé e ní ọ̀sán, odó sì ti ń dún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó jìnnà jù tí a tíì fẹ́ rí, Òde-Èkìtì ló ti wá, wọ́n ṣì jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ló mú àṣà yìí ní ọ̀kúnkúndùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní ìyàwó tó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀ tí kò tíì wọlé ọkọ, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní lójú ọ̀nà yẹn, àwọn tó dojú odó dé tí wọ́n ń retí rẹ̀ nìkan ló ní.

Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ ni pé, láti erékùsù kan dé èkejì, wákàtí mélòó ni? Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ wò ó, ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ni. Jọ́gíráfì ni mo kà, iṣẹ́ kò tíì sí, ohun tí mo ní láyé kò ju fóònù kan àti ẹnu lọ. Mo yọ fóònù náà bí ọlọ́pàá ń yọ ìwé. Mo tẹ orúkọ éapọ̀ọ̀tì kìíní sí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ ti ìkejì, kí n tó mí, ó ti dáhùn: ó sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ibẹ̀, ó sì sọ pé wákàtí mẹ́rìndínlógún ni bàálù yóò fi fò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Mi ò kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì, kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ gàdàgbà?

“Wákàtí mẹ́rìndínlógún,” ni mo wí, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá bàálù kankan tilẹ̀ ń tọ ọ̀nà yẹn, kò sì sẹ́ni tó pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wí tẹnu rẹ̀, nígbà tí ọ̀mọ̀wé wà nílé. Òun náà kàn ń sọ lórí fóònù pé ọ̀nà náà jìn díẹ̀, a sì ń dáhùn pé a mọ̀. Bàbá wa lọ tú àpótí rẹ̀, ó gbé máàpù ayé tó fi ń kọ́ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jáde, ikán ti jẹ apá kan ilẹ̀ Rọ́ṣíà. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀. Ìyá mi mú òwú ìránṣọ wá, mo fi orí òwú kan sórí erékùsù ìyàwó, mo fa èkejì dé ti ọkọ, òwú náà sì gba inú òkun kọjá nísàlẹ̀ Nàìjíríà. Yèyé Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí máàpù náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

“Á jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ulé wa níbí ni ùyàwó yóò ti kọjá,” ó wí. “Bó bá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, yóò rí òkè Olósùnta.”

Kò sẹ́ni tó já a níyàn. A ṣe ìṣirò pé bí ó bá gbéra lẹ́yìn àdúrà ní ọ̀sán Sátidé, yóò gúnlẹ̀ kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Bàbá wa ṣe tirẹ̀ náà: oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo ni yóò fò ó. Ó ní òun lè fara dà á nítorí ọmọ òun.

Ìdána náà lárinrin. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Inú férémù dígí ni ọkọ ìyàwó tiwa wà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Yèyé Àgbà kò jẹ́ kí ìyẹn di ìṣòro. Ó gbé fọ́tò náà tọ àwọn àna lọ, ó dojú rẹ̀ dé orí ẹní, ó sì kígbe pé, “Ó ti dọ̀bálẹ̀ o!” Wọ́n ní kó dìde, ó gbé e dìde. Wọ́n ní àwọn ò rí i dáadáa, kó tún un ṣe. Àwọn ará Ìṣẹ̀ fẹ́ràn àwàdà, wọ́n ń tún un pè títí dígí náà fi là gba iwájú orí ẹ̀gbọ́n mi kọjá. Nígbà náà ni wọ́n tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n kí.

Nígbà tó kan àdúrà, a pe ìyàwó lórí fídíò. Éapọ̀ọ̀tì ló ti gbà á, pẹ̀lú ìró, bùbá àti gèlè tó lé téńté, nítorí àwọn àgbà ti dájọ́ pé ibi tí àdúrà bá ti bá a, ibẹ̀ ni ilé bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàrin àwọn tó ń tò láti wọ bàálù. Èrò ń fà sẹ́yìn fún un. Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn ará Íńdíà rò pé ara rẹ̀ kò yá, ó fẹ́ gbé e dìde, nígbà tó gbọ́ ohùn àdúrà látinú fóònù, òun náà kúnlẹ̀ tì í. Bàbá ìyàwó gbàdúrà dé ibi àwọn ọmọ tí yóò bí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ. Bàbá náà kò mọ̀, ó ń gbàdúrà lọ sí ojú fóònù tó ti ṣókùnkùn, a sì ń ṣe àmín, nítorí ta ni yóò dá àgbà lẹ́nu dúró?

A padà sí Ìkẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé Àgbà sì ń lọ láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń dojú odó dé. Ibi tó ti ń ṣe ti ìkẹyìn lọ́wọ́ ni bàálù kan ti dún lókè. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, a kò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́. Bóyá Àkúrẹ́ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n Yèyé Àgbà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Ùyàwó wa nìyẹn o! Ẹ juwọ́ sí i!” Gbogbo agbolé sáré jáde. A ń juwọ́ sí kùrukùru, a ń pariwo pé ó dàbọ̀, kó rọra máa lọ. Ojú lè tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ọmọ Jọ́gíráfì náà juwọ́. Mo fi ìborùn ju ti èmi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó mọ́ tán ni ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi níwájú rẹ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún pé. Ó kọjá. Fóònù kò dún. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a dé, omi wà níbẹ̀, ewé gbígbẹ kan ti já sínú rẹ̀. Ọ̀sán ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyàwó: òun ti dé ìlú ńlá kan nílẹ̀ Lárúbáwá láti òwúrọ̀, ibẹ̀ ni òun ti ń dúró de bàálù kejì.

Bàbá wa tún máàpù tẹ́. Ó fi ìka wá ilẹ̀ Lárúbáwá. Ó wo òwú, ó wo ilẹ̀ Lárúbáwá, ó wò mí.

“Awakọ̀ yẹn ti ṣìnà,” ó wí. “Ìwọ̀ oòrùn là ní kó lọ. Òkè ló gbà.”

Mo mú fóònù mi, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Ó ní bí ẹyẹ bá fò ó tààrà ni òun ṣírò. Ó ní kò sí bàálù tó ń lọ láti éapọ̀ọ̀tì yìí sí ìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ṣàlàyé fún mi pé bàálù mẹ́ta ni ìyàwó òun ń wọ̀: yóò kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, yóò tibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Òyìnbó, kó tó wá kọjá òkun lọ sí erékùsù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Wọ́n ní o ti mọ̀.”

Bí mo ṣe ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ nílé, ìròyìn míì dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Yìnyín ti bo éapọ̀ọ̀tì ilẹ̀ Òyìnbó. Bàálù tó gbé ìyàwó dé ibẹ̀ pẹ́, èyí tó yẹ kó wọ̀ lọ sí erékùsù ti fi í sílẹ̀ lọ, ọjọ́ kejì ni òmíràn yóò tó gbéra. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní èyí tí a ń fi pa mọ́. Mo pe gbogbo ilé jọ. Mo ní, ẹ fi máàpù sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìlú wa. Ẹni tó wà ní Ọ̀rùn tó ń lọ sí Ìjàn, ṣé ó rí ọkọ̀ wọ̀ tààrà? Wọ́n ní rárá. Mo ní, ṣé kì í ṣe pé yóò wọkọ̀ wá sí Ìṣẹ̀, kó ti Ìṣẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ níbí, kó lọ sí Adó, kó tó wá jókòó ti ọkọ̀ Ìjàn títí yóò fi kún? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ohun tó ń ṣe ìyàwó wa nìyẹn. Adó ló wà báyìí, ọkọ̀ Ìjàn kò tíì kún. Gbogbo wọn mi orí, mo sì rò pé mo ti yege.

“Ó yé mi,” ni Yèyé Àgbà wí. “Kí ló wá dé tí kò gun ọ̀kadà? Ọlọ́kadà mọ ọ̀nà oko.”

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí pa lára jù ni bàbá wa. Ó ti jẹ ẹ̀bà ní Sátidé, ó jẹ ìrẹsì ní Sọ́ńdè, ó jẹ búrẹ́dì ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó sì ń wò wá bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, nígbà tí odó àdúgbò kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó wọ bàtà, ó ní òun fẹ́ lọ bẹ ọ̀rẹ́ òun kan wò, ọjọ́ ti pẹ́. Kò pẹ́ tó fi dé. Ọ̀rẹ́ náà ti gbọ́ pé a dojú odó dé. Iyán wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń gbóná, ó fọ̀wọ̀ fi abọ́ bò ó, ó sì ní kí wọ́n po tíì fún bàbá wa. Ó ní, “Ọ̀gá, n ò lè bá yín ba ùyàwó jẹ́.”

Bàbá wa bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi, ó sì sọ tinú rẹ̀. Ó ní nítorí Ìṣẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ ni àwọn baba wa ṣe dá àṣà náà sílẹ̀, wọn kò mọ bàálù, wọn kò mọ yìnyín, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ni, wọn ì bá fi àyè iyán sílẹ̀. Ó ní kí a kàn gún díẹ̀. Ìyá mi kì í bá bàbá wa jiyàn níwájú ọmọ. Lọ́jọ́ náà ó jà. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ wà láàrin àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò sí nílé bàbá rẹ̀, kò sí nílé ọkọ, bí a bá sì gúnyán láìsí i, a ti sọ pé a kò retí rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bà á láti ọjọ́ Sọ́ńdè.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ìyàwó fi pè wá. Ó jókòó sórí àga irin kan ní éapọ̀ọ̀tì, ojú rẹ̀ ti wú, gèlè ọjọ́ Sátidé ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Màámi, ẹ má bínú, mi ò tíì dé,” ó wí. “Mo ṣì wé gèlè yìí o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà kí n tú u kí n tó délé.”

“Tú u, ọmọ mi,” ìyá mi wí. “Tú u, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ọ lórí.”

“Ṣé ẹ̀ ń jẹ iyán lọ́hùn-ún?”

“Láti Sátidé, odó kankan kò dún nílé yìí. À ń dúró dè ọ́.”

Ìyàwó fi gèlè náà bojú, ó sunkún. Ó ní òun ti rò pé wọ́n ti gbàgbé òun sójú ọ̀nà. Bàbá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀. Ó ní kí wọ́n bu ẹ̀bà wá fún òun, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìyá ìyàwó, ẹ kú ìfaradà. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn ní Ìṣẹ̀, ìyá tó fi ọmọ fọ́kọ kò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ àna bóyá ọmọ òun ti wọlé. Àfi kí wọ́n sọ fún un. Obìnrin náà sì ń pe ìyá mi ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́. “Ẹ kú ilé o, àna mi. Mo ní kí n kí yín ni. Ṣé òjò rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́?” Nínú ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ti bó! Ìyá mi a sì dáhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Òjò ò tíì rọ̀ níbí o, àna mi, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run dára.” Ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, a sọ̀rọ̀ òjò ju àwọn àgbẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Túsìdeè, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú níbí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè. Oòrùn ṣì ń ràn lọ́dọ̀ tirẹ̀, a ń rí i tó tàn sára ilẹ̀kùn ilé kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ búlúù. Ìyàwó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo ta nílé wa. Àwọn ìyàwó ilé ń jó, wọ́n ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ omi jáde, ó gbé e kalẹ̀, ó sì dúró. Gbogbo wa náà dúró. Nínú gbogbo ètò wa, pẹ̀lú máàpù, pẹ̀lú òwú, kò sẹ́ni tó rántí pé kò sí obìnrin kankan láti inú ẹbí wa ní erékùsù yẹn tí yóò wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó.

“Àwọn aládùúgbò ńkọ́?” mo bi í.

“Wọn kì í ṣe ẹbí,” ni Yèyé Àgbà wí. “Ọkọ náà kò sì gbọdọ̀ ṣe é. A kò gbọ́ ọ rí.”

Ìyàwó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fò kọjá òkun méjì, ìṣísẹ̀ kan péré ló kù, kò sì lè gbé e. Ìyá mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi tirẹ̀, èyí tó ti ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ ọmọ mi,” ó wí, “na ọwọ́ rẹ kí n rí i.”

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́.

“Ọwọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ni. Inú mi ló ti jáde. Bẹ̀rẹ̀, kí o bá mi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe ń da omi sí ẹsẹ̀ ìyàwó lọ́hùn-ún ni ìyá mi ń da ti abọ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tiwa, omi méjèèjì ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó wọlé. Mo sunkún, mi ò parọ́. Bàbá wa ni kò ráyè sunkún. Kí omi tó gbẹ ló ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé odó dìde. Iṣu ti wà lórí iná láti ìgbà tí bàálù ti gúnlẹ̀, nítorí lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n béèrè wákàtí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ní kí n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ odó kí ìyàwó lè gbọ́ iyán rẹ̀. A gún un, òun ń gbọ́. Wọ́n bu òkèlè kìíní sọ́tọ̀ fún un nínú abọ́, bàbá wa sì ń ṣọ́ abọ́ náà títí àdúrà fi parí. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi pe Ìṣẹ̀.

“Àna mi,” ó wí, “òjò ti rọ̀ o. Òjò ńlá.”

A gbọ́ igbe obìnrin náà láìsí pé wọ́n ṣí fóònù sókè.

Ọdún ti gorí ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti ríṣẹ́, mò ń kọ́ni ní Jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn mo tún máa ń ṣí ojú ewé yẹn. Wákàtí mẹ́rìndínlógún náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì fi wákàtí mẹ́rìndínlógún rìn ín. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi pé kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. N kì í sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ọdún Kérésìmesì tó kọjá ni ìyàwó tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ agbolé wa gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró. Yèyé Àgbà, tí ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá, kí a wẹ̀ ẹ́ dáadáa bó ṣe yẹ. Ìyá mi yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Omi kí ni?” ó wí. “Ìgbà mélòó la ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó? Ó jáde lọ ni, ó sì ti dé.” Ó yíjú sí ìyàwó. “Kí lo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò fún? Wọlé, wá bá mi gún un, iṣu ti jinná.”

Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ eléruku kọjá ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ gba ọmọ odó.